Ọ̀rọ̀ Tí Démiládé Kọ́kọ́ Sọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó yáa lọ rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀, torí tí ìdí ọbẹ̀ bá jóná níbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ìtàn, mi ò ní bá yín fọ ìkòkò o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ gbá ọmọ yín mọ́ra, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí dáadáa, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá.

Obìnrin kan wà ní Gwarinpa, Ọmọ́níkẹ́ lorúkọ ẹ̀. Akin lọkọ ẹ̀, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi jíǹkí wọn ni Olúwadémiládé. Démi ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó pupa, ó ti ká eyín iwájú, tó bá sì rẹ́rìn-ín báyìí, á máa ṣe ẹ́ bíi kó o gbé e sá lọ. Àmọ́ Démi kì í sọ̀rọ̀. Kò pe Mọ́mì, kò pe Dádì, tó o bá tiẹ̀ pe orúkọ ẹ̀, ó lè má wẹ̀yìn. Ohun tó fẹ́ràn ni kó jókòó síwájú fáànù, kó máa wo bó ṣe ń yí, kó máa ju apá bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Kò fẹ́ ariwo. Kò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun lórí rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gẹrun fún un, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀.

Dókítà ní ọ́tísìm ni. Ó ní kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń lo oògùn sí, bí wọ́n ṣe dá ọmọ náà nìyẹn, ó kàn ń gba ayé wọlé lọ́nà tiẹ̀ ni. Ọmọ́níkẹ́ sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bi mí bó ṣe sunkún tó. Ó fi iṣẹ́ NGO tó ń ṣe ní Jàbí sílẹ̀, ó jókòó ti ọmọ ẹ̀.

Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran? Jíjókòó tó jókòó tì í yẹn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ ẹ̀. Ó rí i pé tílẹ̀ bá ti mọ́, Démi á wá gbé iwájú orí ẹ̀ lé òun lẹ́rẹ̀kẹ́, á dúró bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ́, kó tó wá fáànù ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn á ní, "Ọmọ yìí ò kí èèyàn." Ọmọ́níkẹ́ á rẹ́rìn-ín sínú, torí ó ti gba ìkí tiẹ̀ láàárọ̀. Ó rí i pé ọmọ náà ò mọ irọ́ pa, kò mọ àgàbàgebè. Tínú ẹ̀ bá dùn, ó dùn délẹ̀délẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, tó bá kúnlẹ̀ àdúrà, dípò "Olúwa, bá mi gba èyí kúrò," ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Olúwa, o ṣé." Òun gan-an ò mọ ọjọ́ tó yí padà.

Olùkọ́ kan máa ń wá bá wọn nílé, ọmọ Ìlọrin ni, Ummulkhulthum lorúkọ ẹ̀. Àǹtí Ummu ni wọ́n ń pè é. Irú àwọn ọmọ bíi Démi ló kọ́ṣẹ́ láti máa kọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, Ọmọ́níkẹ́ rò pé "Mọ́mì" ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ummu mi orí.

"Ìyá Démi, 'ó tó' la máa kọ́kọ́ kọ́ ọ."

"Ó tó kẹ̀? Ọmọ tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ti fẹ́ kó parí ẹ̀?"

Àǹtí Ummu bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ tí ò bá lè sọ pé ó tó, ohun tó bá wu ayé ni wọ́n á máa ṣe fún un. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ara ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á bu ìrẹsì sí i lábọ́, tó bá ti ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Àǹtí á ní, "Ó tó." Wọ́n á fì í ní jangilọ́fà, tó bá ti gan ara, wọ́n á dúró, "Ó tó." Oṣù ń gorí oṣù. Ẹnu Démi ń mì, ohùn ò jáde.

Ó wá di Tọ́sìdeè kan. Ọmọ́níkẹ́ ń wẹ̀ fún un, ó ń bu omi sí i lórí kí ọṣẹ lè kúrò. Démi di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, "Ó tó."

Kai! Ike omi bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kò bu omi mọ́. Tọṣẹ-tọṣẹ ló gbé ọmọ jáde, torí ó ti ní ó tó, ṣé kó wá máa bá a jiyàn ni? Ó pe Akin ní báńkì, Akin pariwo débi pé àwọn tó wà lórí ìlà bojú wẹ̀yìn. Ó pe Àǹtí Ummu, làwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù, ọ̀kan ń pe Alhamdulillah, ọ̀kan ń pe Halelúyà. Yàtọ̀ sáwọn yẹn, kò tíì sọ fẹ́nì kankan.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ Diméjì ní káwọn òbí kó ọmọ jáde wá síwájú pẹpẹ, iléèwé fẹ́ wọlé, kí wọ́n gbàdúrà fún wọn. Ọmọ́níkẹ́ mú Démi lọ́wọ́ jáde. Ó ti fi ohun ìbotí ẹ̀ sí i létí, èyí tó dà bíi hẹ́díìfóònù ńlá, kí ariwo má bàa pọ̀ jù fún un.

Ìyá Kíkẹ́olúwa ló ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mọ́mì Kíkẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ má ro ibi sí i o, èèyàn dáadáa ni. Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá nínú kúlà. Ó gbààwẹ̀ nítorí Démi títí ojú ẹ̀ fi jìn. Lọ́jọ́ yìí, ìfẹ́ yẹn náà ló gbé e dé. Ó yọ ohun ìbotí kúrò létí ọmọ, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, àwọn tó kù rọ̀gbà yí i ká, ọwọ́ lórí ọwọ́. "Jáde! Mo ní kó o jáde!" Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún gbọ̀nràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ ń gbìyànjú láti wọ àárín wọn, kò ráyè.

Lohùn kan bá ta jáde lábẹ́ gbogbo ọwọ́ yẹn.

"Ó TÓ! Ó TÓ!"

Ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá bú gbàù.

"Ẹ̀mí odi ti sá!" Pásítọ̀ Diméjì ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ìjó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ya fídíò, àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀. Àárín ìjó yẹn ni Démi wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ẹnu ẹ̀ ṣì ń sọ ọ́: ó tó, ó tó. Ọmọ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, wọ́n ń fi ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ jó. Ọmọ́níkẹ́ já wọ àárín wọn, ó gbé e jáde lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sì dì í mú títí ara ẹ̀ fi rọ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Mọ́mì Kíkẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ìyá oníṣẹ́ ìyanu! Aṣọ wo lo máa wọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Pásítọ̀ ní ìwọ lo máa jẹ́rìí."

"Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an, mà. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé, ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé..."

"Ta ló bi ẹ́ nípa ti ilé? Odi ni, a gbọ́wọ́ lé e, ó sọ̀rọ̀. Ó parí! Àǹtí oníhìjáàbù yẹn náà, sọ fún un kó máa lọ lálàáfíà. Gbogbo Sọ́ńdè la ó máa gbọ́wọ́ lé Démi báyìí, títí táá fi máa sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́."

Ọmọ́níkẹ́ dìde. Gbogbo Sọ́ńdè? "Mọ́mì, ọmọ náà ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun lórí. Ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn."

Ojú Mọ́mì Kíkẹ́ yí padà. "Ọmọ́níkẹ́, mo gbààwẹ̀ fọ́mọ ẹ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Ló bá gbé báàgì ẹ̀, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Nígbà tí Akin tibi iṣẹ́ dé, Ọmọ́níkẹ́ rò ó fún un.

"Ṣebí o kàn lè ní 'Ẹ bá mi yin Jésù,' kó o sì jókòó?" Akin ló wí bẹ́ẹ̀.

"Tí wọ́n bá wá gbọ́wọ́ lé e ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ńkọ́? Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ó pẹ́ gan-an kó tó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, Akin. Tí ò bá wá ṣiṣẹ́ fún un, ṣé á tún sọ òmíràn?"

Akin họrí. "Wọ́n á ní a ò nígbàgbọ́ o. Mọ́mì Kíkẹ́ lè má bá wa sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ọbẹ̀ ẹ̀ sì dùn."

Ọmọ́níkẹ́ ju tìmùtìmù bà á. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò rẹ́rìn-ín pẹ́.

Sọ́ńdè dé. Èrò pọ̀. Akin dúró pẹ̀lú Démi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ohun ìbotí wà létí ọmọ. Wọ́n pe Ọmọ́níkẹ́, ó gba máìkì.

"Ẹ bá mi yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ọmọ mi sọ̀rọ̀!"

"HALELÚYÀ!" Onílù ti fẹ́ lù ú. Ọmọ́níkẹ́ na ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù.

"Àmọ́ kì í ṣe ibí ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Balùwẹ̀ ni. Ọṣẹ ṣì wà lórí ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wo ara wọn.

"Àdúrà yín wà níbẹ̀. Ààwẹ̀ Mọ́mì Kíkẹ́ wà níbẹ̀, mi ò lè gbàgbé láéláé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó rán ìrànlọ́wọ́, ẹni tó sì rán sí mi ni Àǹtí Ummulkhulthum."

Ẹ̀yin ará, adìyẹ bà lókùn: ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Pásítọ̀ Diméjì ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi ṣì ní ọ́tísìm. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí. Mi ò wá síbí láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run gba ọmọ yẹn, tó fún mi lómìíràn. Èyí tó fún mi yìí náà ni mo wá dúpẹ́ lórí ẹ̀. Ó dára lójú mi. Ohun tó sì sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni pé ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tó bá tún sọ ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Ó gbé máìkì sílẹ̀. Onílù ò mọ èyí tó kàn. Pásítọ̀ Diméjì gbé máìkì, ó ní, "Ọlọ́run tóbi," ó sì pe orin mìíràn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Mọ́mì Kíkẹ́ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn.

"O dójú tì mí, Ọmọ́níkẹ́."

Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ lórí yanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ gbé mi dúró nígbà tí mi ò lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ní mi ò dúpẹ́, irọ́ ni. Àmọ́ ẹnu ọmọ mi ni mo ń ṣọ́."

Mọ́mì Kíkẹ́ wo Démi. Démi ò wò ó, táyà mọ́tò kan tó ń yí kọjá lọ ló ń wò.

"Ṣé mi ò wá gbọdọ̀ gbàdúrà fún un mọ́ ni?"

"Ẹ gbà á, mà! Ẹ má dákẹ́. Ẹ kàn máa gbà á láti ọ̀ọ́kán."

"Láti ọ̀ọ́kán." Màmá náà pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín fẹ́ yọ ní igun ẹnu ẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Dìde, aṣọ ẹ ń dọ̀tí." Ó yí padà, ó ń lọ, kò dágbére.

Ṣọ́ọ̀ṣì ò gbé fídíò ẹ̀rí yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, kò sí kúlà, kò sí ìpè. Wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́wọ́ lé Démi lórí. Àwọn kan ní Ọmọ́níkẹ́ já ìyá tó fẹ́ràn ẹ̀ kulẹ̀, pé kí ló máa ná an tó bá jẹ́ káwọn èèyàn yọ̀ tẹ́rùn. Àwọn kan ní ó yẹ kó ti gbé ọmọ ẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Òun ò bá ẹnì kankan jiyàn. Inú ẹ̀ dùn, ó ń dúpẹ́, ó ń bá ọmọ ẹ̀ wo fáànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ báyìí ńkọ́? Ká ní ìwọ ni wọ́n gbé máìkì yẹn fún, tí Mọ́mì Kíkẹ́ jókòó síwájú, tó ń wò ẹ́ lójú, tí ọmọ ẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí lo máa sọ?