Ìjẹ́wọ́ Àǹtí Làbákẹ́

Lọ́dún tí owó náírà jáde ni mo bí Síkírù ní Mùṣín. Ọmọ tuntun máa ń ya ìgbẹ́ dúdú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Tèmi ò yà. Ikùn rẹ̀ ń wú, èébì àwọ̀ ewé sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí Làbákẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, so ìró rẹ̀ le, ó ní àfi kí n jẹ́wọ́. Ó ní ọmọ àlè ni mo bí sílé àwọn, pé bí mo bá ti dárúkọ bàbá rẹ̀, ìdí ọmọ á ṣí.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, kí ni ǹ bá ṣe? Ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sójú àgbàlá, mo purọ́. Mo dárúkọ Yẹ̀kínnì, aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ẹni tí kò fọwọ́ kàn mí rí. Ìgbẹ́ ò jáde. Ìtìjú lé Yẹ̀kínnì kúrò nílé, Ṣítù ọkọ mi ò sì gbé Síkírù sọ́wọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá mi ló fà mí dé ọsibítù Ìdí-Àràbà. Dókítà bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ nínú ẹbí wa, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi: láti inú oyún ni ìsàlẹ̀ ìfun ọmọ ò ti ní iṣan tó yẹ kó máa pàṣẹ fún un láti ti ìgbẹ́ jáde. Wọ́n lu ihò síkùn rẹ̀ kí ìgbẹ́ máa gbabẹ̀. Bí mo bá ń fọ aṣọ tí mo fi ń dì í, Àǹtí Làbákẹ́ á fi ìborùn bomú: "Ọmọ Yẹ̀kínnì mà ń rùn o!"

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n gé ìfun burúkú náà, wọ́n so èyí tó dáa mọ́ ìdí, wọ́n sì dí ihò. Nọ́ọ̀sì ní omi dáadáa, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ẹ̀kọ rírọ̀, kí n má fún un ní ẹ̀bà líle. Síkírù sanra. Orúkọ "ọmọ Yẹ̀kínnì" yẹn ni kò kúrò lára rẹ̀. Mo búra pé Àǹtí Làbákẹ́ á kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Síkírù ti ń lọ ilé kéú nígbà tí Kíkẹ́, ọmọ Àǹtí Làbákẹ́, bímọ. Ikùn ọmọ wú. Ìgbẹ́ ò jáde. Mi ò ní purọ́ fún yín, kí n tó ṣàánú ọmọ, inú mi kọ́kọ́ dùn.

Àǹtí Làbákẹ́ sáré wá bá mi. Ẹni tí kì í pè mí ju "ìwọ yìí" lọ!

"Ìyá Síkírù, ẹ gbà mí! Dókítà wo ni?"

Mo ní, "Àǹtí, ṣé Kíkẹ́ ti jẹ́wọ́?"

Ó bú sẹ́kún. Mo ní kí Ṣítù bá wa lọ, torí mo mọ ohun tí dókítà á bèèrè.

Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Dókítà yẹ ọmọ wò. "Màmá, àrùn yìí máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ní irú rẹ̀ nínú ẹbí yín?"

Àǹtí Làbákẹ́ wolẹ̀, ó wò mí. Mo ń tún gèlè mi ṣe.

"Màmá, ẹ dáhùn, kò sáyè!"

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọmọ àbúrò mi."

Mo ní, "Ẹ gbóhùn sókè, Àǹtí. Dókítà ò gbọ́."

"Síkírù ni! Síkírù, ọmọ Ṣítù àbúrò mi!"

Gbogbo èrò yíjú. Ṣítù dorí kodò.

Wọ́n lu ihò síkùn ọmọ náà, ó sì yè. Kíkẹ́ ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ikùn ọmọ. Àǹtí Làbákẹ́ ló ń fọ aṣọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Mo máa ń gbé àpótí jókòó tì í. "Ẹ tún un fọ̀, Àǹtí. Ọmọ yín ṣì ń rùn."

Ṣítù náà nawọ́, ó fẹ́ gbé Síkírù. Mo fa ọmọ mi mọ́ra.

"Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Yẹ̀kínnì ná."