Obìnrin Mábù Tí Kò Ní Ọmọlójú

Ìdí Ṣèyítán kì í gbélẹ̀ ní pálọ̀ mọ́. Ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni kò jẹ́. Obìnrin ilẹ̀ Faransé kan ni, ti ayé àtijọ́: aṣọ rẹ̀ jẹ́ idẹ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ òkúta mábù. Ó rẹwà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò fún un ní ọmọlójú. Ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú.

Jìmí ọkọ Ṣèyítán ló rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ́ kógbá sílé. Ìbọ̀wọ́ ló máa ń wọ̀ kó tó nu eruku ara rẹ̀. Abọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi jẹun, kì í fọ̀ ọ́.

Oyún Ṣèyítán ti pé oṣù mẹ́fà. Méjì ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀ pé ère kì í ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan. Ìyẹn kí màmá rẹ̀ tó pè é láti Ìbàdàn lórí fídíò.

“Ta ni òyìnbó afọ́jú tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn?”

“Ère ni, mà. Jìmí ló rà á.”

“Ṣé o kò mọ̀ pé ohun tí aboyún bá ń tẹjú mọ́ lọmọ máa ń jọ? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.”

Ó fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Láàárọ̀, á yí ojú ère sí ògiri. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Jìmí á yí i padà. Ní I-20, òpópónà Amẹ́ríkà tó máa ń wà mọ́tò gbà lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ kan á wà lórí sítíárì, èkejì á wà lórí ikùn. Níbi iṣẹ́, ọmọ tuntun tó bá dijú, á dúró tì í títí yóò fi là á.

“Jìmí, please, gbé e lọ sí garage.”

“Garage yẹn ti gbóná jù, Ṣèyí. Ohun tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún nìyẹn. And you're a nurse.”

“Mo mọ̀ pé nurse ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí ni.”

Jìmí wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ara ère. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Inú bí Ṣèyítán gidigidi. Lójú rẹ̀, ère ni ọkọ òun fẹ́ràn ju ọmọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ti pinnu pé òun fúnra òun ni yóò gbé e síta, bó tilẹ̀ wúwo bí ọlọ. Ó ṣílẹ̀kùn. Jìmí kúnlẹ̀ níwájú ère, máàkà dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti ní ọmọlójú. Ti ọ̀tún tóbi, ti òsì kéré, ó sì dà bí ẹni ń wo kíṣìnnì.

“Jìmí, kò ní ṣeé fọ̀ kúrò mọ́ o.”

“Mo mọ̀. Òkúta yẹn ti fà á mu.” Kò yíjú padà. “Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láti ìgbà tí oyún kejì ti bàjẹ́, kò tíì kúrò lára mi.”

Ṣèyítán fi ara rẹ̀ tó wúwo kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gba máàkà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sún, kí òun tún ti òsì ṣe.