Oko Tí Lydia Kọ̀ Láti Ro

Ìlà kan péré ni. Ìlà kan, orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, kí aago méjì tó lù… Kí ló wá dé tí ọwọ́ mi ò lọ? "N kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan pé kó kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ iléèwé." Irọ́ kọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn ni mo kọ́ wọn — ìtàn tó wà nínú ìwé — nípa bí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ṣe pa bọ́ọ̀sì tì, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan, nítorí wọn ò fẹ́ máa dìde fún aláwọ̀ funfun mọ́. Amẹ́ríkà ni mo ń sọ. Ta ló ní kí Lydia gbé Amẹ́ríkà wá sí Odigbo?

Àbí mo sọ ọ́ dùn jù? Mo sọ ọ́ dùn jù. Mo tiẹ̀ ń rìn níwájú kíláàsì, mo gbé báàgì kọ́ apá, mò ń ṣe bí ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń ro. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lydia nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó nawọ́ sókè: "Ma, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n rí bóyá wọ́n fẹ́ dìde?" Inú mi dùn. Mo ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà ló ń dún létí mi báyìí.

Nígbà tó wá di ọjọ́ Ẹtì… Ẹtì ni ọjọ́ iṣẹ́ oko. Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Tíṣà tí wọ́n bá gbé wá síbí, iléèwé á gé ilẹ̀ fún un lẹ́yìn kíláàsì, á gbin ẹ̀gẹ́ sí i, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà á sì máa bá a ro ó, oko tíṣà kan lọ́sẹ̀ kan. Gbogbo wa là ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìyà. Àfi Lydia, tó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó jókòó. Àwọn mẹ́rìnlá mìíràn sì jókòó tì í. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó sétí oko… oko… oko iléèwé ni, ká ṣáà pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Benson, ò bá mi jà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ìyáàfin Fọlárìn, ẹ ṣáà fọwọ́ síwèé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ di ti ọmọ yẹn nìkan." Ti ọmọ yẹn nìkan… Ìyẹn ni pé wọ́n á lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdánwò WAEC sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gun ọ̀kadà wá láti Omifunfun nítorí ìdánwò yìí. Bí n kò bá sì fọwọ́ sí i — fọ́ọ̀mù mi wà lórí tábìlì ọ̀gá, fọ́ọ̀mù tí yóò gbé mi padà sí Àkúrẹ́. Kò mẹ́nu bà á. Ó kàn ń fọwọ́ tún un tò níṣojú mi.

Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Lánàá, lórí fóònù, ó pe ìyá ọkọ mi ní mọ́mì, ó pe èmi ní àǹtí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Mo fẹ́ lọ sílé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Lydia ṣì kéré, ó lè tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀míì — àbí kò lè ṣe é? Agnes ìyá rẹ̀ ní kò lè ṣe é. Ó wá láàárọ̀ yìí, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí èyí bá ti bọ́, oko kòkó ló kù. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Kò bú mi, ọpẹ́ ló ń dá. "Ọma mi ní ẹ ò ṣẹ òun, ma," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọmọ níbí. "Ó ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ yín."

Kí wọ́n má dárúkọ mi kẹ̀… nítorí kí ni? Nítorí ìtàn? Gbogbo iléèwé ló mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ wọn, ó wà nínú nóòtì wọn. Kí ló tún kù tó ń bò mọ́lẹ̀?

Má ronú kàn án. Kọ ìlà rẹ, kí o fọwọ́ sí i, kí o máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ…

Ìgbà mẹ́ta ni Benson bi Lydia lójú gbogbo àwa tíṣà. Kí ló tiẹ̀ sọ gan-an? "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá o ro tèmi, o ò ráhùn. Kí ló dé tó jẹ́ ti —" Ó wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo tilẹ̀ ń bú ọ̀gá nínú ara mi, ìkà ọkùnrin, bí ẹni pé…

"Kí ló dé tó jẹ́ ti Ìyáàfin Fọlárìn lo kọ̀?"

Oko mi ni. Ó tó, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀gẹ́ tèmi ni, èmi ni oko kàn lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ wọn sójú pátákó. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tèmi ò tiẹ̀ wá ará ilé lọ, orí ẹni tó sọ ọ́ ló bà. Ó ro ti ọ̀gá, nítorí ọ̀gá ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò bi í rí bóyá ó fẹ́.

Aago ti lé ní ọ̀kan. Ìwé ṣì wà níwájú mi, funfun báláú. Mo rò pé ṣe ni Lydia ń bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí, nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, tó wò mí lójú. Kò bẹ̀ mí. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá, kò sọ fún ìyá tó bí i, kí ojú má baà tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ń fi ìdánwò rẹ̀ bo ojú mi, ó sì ti ń dúró láti ọjọ́ Ẹtì kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.