Ìdì Ẹyìn Tó Wà Lórí Ògúnṣínà

Nígbà tí wọ́n gbé ìdì ẹyìn lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, ìyá wa ṣì wà láyé. Bàbá wa náà wà, ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́. Eustache ará ìlú wa wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Victorine níyàwó ni. Gbogbo wọn ti lọ báyìí, àfi Victorine, àfi èmi. Ògúnṣínà ẹ̀gbọ́n mi náà wà títí di ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Igbó ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn Pobè, ìlú wa, nígbà náà tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹni tó bá gé ìdì ẹyìn níbẹ̀, tí kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, yóò já màrìwò, yóò so ó mọ́ ọn. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá rí i, kó yà. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ní màrìwò lára, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni, ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè. Ògúnṣínà rí ìdì kan lẹ́bàá ọ̀nà tí kò ní nǹkan kan lára, ó gbé e karí. Kò tíì délé tí Eustache fi pàdé rẹ̀.

"Tèmi nìyẹn! Ọwọ́ ara mi ni mo fi so màrìwò mọ́ ọn."

"Kò sí màrìwò lára rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn ará ìlú ní kó má sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n mú un yí ọjà ká ní ọ̀sán gangan, àwọn ọmọdé ń lu agolo lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wí pé ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í yà. Ìyá wa wà nídìí igbá gàrí rẹ̀, ó ń gbọ́. Ẹ̀gún ẹyìn gún ẹ̀gbọ́n mi níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sójú rẹ̀, kò nù ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ sí Yoko lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa. Kò wọ Pobè mọ́. Nígbà tí a ń sin ìyá wa, ẹ̀yìn ìlú ló dúró sí.

Larissa ni ọmọ ọmọ mi. Nígbà tó gba bákì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ kriminolojí ní Pọ́tónóvò. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ni, ohun tó ń mú ènìyàn ṣẹ̀ àti ohun tó yẹ kí ìlú ṣe sí i. Ó ní ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé lòun fẹ́ ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Jocelyne tó ń ta àkàsà lójúlé kejì kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ìyá Àgbà, ṣé òótọ́ ni pé Larissa ń kọ́ iṣẹ́ olè?"

"Òótọ́ ni. Tó bá ṣe tán, ilé tìrẹ ló máa ti bẹ̀rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọlé, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ìlú ti pe ẹnì kan ní olè nínú ilé wa kí wọ́n tó bí Larissa.

Nígbà tó yá, olùkọ́ wọn ní kí olúkúlùkù lọ wá ẹnì kan tí ìlú fìyà jẹ láìgbé e dé ilé ẹjọ́, kó fetí sí i. Larissa wá bá mi.

"Màmá, Bàbá tó wà ní Yoko, kí ló dé tí wọn kì í wá síbí?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un. A gun ọ̀kadà zémìjàn lọ sí Yoko. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wú, èémí kò sì tó o mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Ìwọ ni ọlọ́pàá tí wọ́n ní ó ń bọ̀?"

"N kì í ṣe ọlọ́pàá, Bàbá. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀daràn ni."

"Ó dáa, o ti dé ilé wọn. Jókòó."

Larissa kò bi í bóyá ó jí i. Ó bi í bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá ẹnikẹ́ni ń sin ẹran nítòsí igbó náà. Ògúnṣínà ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko ti gbẹ, ewúrẹ́ ilé Eustache ló sì máa ń jẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ọmọ náà.

"Ilé ẹjọ́ yín lè gbé e kúrò lórí mi?"

"Rárá, Bàbá. Ilé ẹjọ́ kọ́ ló gbé e lé yín lórí. Kò sí ìwé kankan tó pè yín ní olè."

"Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ìwé ṣeé ya."

"Kí lẹ wá fẹ́, Bàbá?"

"Kí ẹni tó gbé e lé mi lórí wá sọ̀ mí. Eustache ti kú, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ. Kó wá sọ̀ mí kí n tó kú. Kó jẹ́ Pobè, kó jẹ́ ojú ọjà, kó jẹ́ ọ̀sán."

A lọ sí Sakété. Ilé Bonaventure, ọmọ òun àti Eustache, ni Victorine ń gbé, Bonaventure tó ń ta símẹ́ńtì àti irin. Larissa kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Victorine tú ìró rẹ̀, ó tún un ró.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sí, Màmá. Mo kàn béèrè ni."

"Oṣù yẹn kò tíì parí tí ọkọ mi fi bá ewúrẹ́ wa nínú igbó náà, tó ń fa màrìwò já lára ìdì ẹlòmíràn. Ó délé, kò jẹun. Mo ní kó lọ sọ. Ó ní ìlú ti yin òun, ojú ń ti òun. Ọ̀la, ọ̀la, bó ṣe ń wí títí ó fi kú nìyẹn."

Bonaventure ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Larissa sọ fún un pé Bàbá fẹ́ kó wá gba ẹrù náà lórí òun, ní Pobè, lójú ọjà, ní ọ̀sán. Ó fèsì: "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà Bàbá náà. N ó bẹ̀ wọ́n lórí pọ́tábù."

"Pọ́tábù kọ́ ni wọ́n fi mú un yí ọjà ká, Bọ̀ọ̀dá," ni Larissa wí.

"Kí èmi ru ẹyìn ní Pobè? Àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀!"

"Ìyá Bàbá náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú ọkọ̀, Larissa kọjú sí mi.

"Màmá, wọ́n kọ́ wa ní ohun tó ń sọ ènìyàn di olè. Wọn kò tíì kọ́ wa bí a ṣe ń gbé orúkọ náà kúrò."

Àìsàn ẹ̀gbọ́n mi le sí i, mo ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Pobè. Ó ní ó dáa, òun á jókòó de ọmọ Eustache. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lọ́jà, ó fi aṣọ bo orí. Ọjọ́ ọjà kan kọjá, Bonaventure kò wá. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, mo ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò nígbà tí Jocelyne sáré dé.

"Ìyá Àgbà! Ọkùnrin kan ń bọ̀, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ru ẹyìn!"

Victorine ló ṣíwájú, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní ìsọ̀ lọ́tùn-ún lósì pé ewúrẹ́ àwọn ló jẹ ààlè, Ògúnṣínà kò jalè. Bonaventure ń tẹ̀ lé e, kò fi òṣùká sórí. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi dé ojúlé mi, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Bonaventure fẹ́ kúnlẹ̀, ẹrù kò jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ díẹ̀ níwájú orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. N kò mọ ibi tó ti rí agbára.

"Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ sọ̀ ọ́. Ó wúwo. Mo mọ̀ ọ́n."

Òun fúnra rẹ̀ di apá kan mú, Larissa di èkejì, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ewúrẹ́ mi dé, ó ń gbóòórùn rẹ̀ kiri. Mo fẹ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ìran ewúrẹ́ ni ẹlẹ́rìí mi ti wá."

Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí Larissa mú òun lọ sọ́jà. Kò ra nǹkan kan. Wọ́n yí ọjà náà ká, wọ́n padà. Kò fi aṣọ bo orí.

Mo fún epo ẹyìn náà, mo fi se ẹ̀wà fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ tó jẹ ẹ́ náà ló kú, ní ọ̀sán, lórí ẹní níwájú ilé mi. Mo rò pé ó sùn ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní àtàrí rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹrù tí kò rí i.