Ohùn Nọ́fíù

Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n bí Lukman sí, ibẹ̀ náà sì ni eré ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọrin, tó ń jó, tó sì ń sín àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ lórí ìtàgé McPhail, àgbà aláwàdà àdúgbò wọn. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Alhaji Sàláhúdéènì, kó wọn wá sí Springdale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ní kó fi ìranù sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ìwé. Ìranù! Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ní ọdún 1994, Lukman ti di géńdé. McPhail pè é lórí fóònù pé àyè ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òun, kó tètè máa bọ̀. Alhaji yarí.

"Never! Kí ọmọ mi máa ṣe aláwàdà?"

Wọ́n ṣì wà lórí èyí nígbà tí ọkọ̀ gbá Nọ́fíù, àbúrò Alhaji, pa lórí Beltway, òpópónà ńlá ibẹ̀. Wọ́n sin ín. Ìyá wọn wà ní Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, a kì í sì í túfọ̀ ọmọ fún irú arúgbó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí Nọ́fíù máa ń pè é, ni ìyá àgbà ń jókòó ti fóònù aládùúgbò rẹ̀, tó ń retí ohùn rẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, kò jẹun mọ́, ẹkún ló ń sun.

Ọmọ burúkú lọ́jọ́ tirẹ̀. Alhaji wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì Lukman.

"Ṣé o lè sọ̀rọ̀ bíi Uncle Nọ́fíù?"

"Dad, ẹ ní ìranù ni."

"Jọ̀ọ́. Just once. Tó o bá ti ṣe é, máa lọ sí Glasgow rẹ."

Ẹnu Nọ́fíù ni Lukman ti kọ́ gbogbo Yorùbá tó gbọ́, títí kan ikọ́ rẹ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀. Ó gbé fóònù. Alhaji náà gbé èkejì, ó ń sọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ ilé sí i létí.

"Ìyá mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀."

Ìyá àgbà hó fún ayọ̀, ó ń pè é ní Àkànní. Inú Lukman dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Nígbà tó di ẹrù rẹ̀ tán, Alhaji dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Friday tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Dad, you promised. Mo lè pè wọ́n láti Glasgow."

"Ta ló máa sọ ìdáhùn sí ọ létí níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni?"

Lukman tú ẹrù. Ẹlòmíràn gba àyè náà. Láti ìgbà náà, ó ń ṣeré ní Springdale, Jímọ̀ dé Jímọ̀, fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ pé eré ni. Ọdún kan yí po. Ó di Jímọ̀ kan, ìyá àgbà ń gbàdúrà.

"Àkànní, o ò ní kú ṣáájú mi. Ìwọ lo máa sin mí."

Alhaji gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀.

"Àmín, ìyá mi," ni Lukman dáhùn. Tọkàntọkàn ló fi ṣe é, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò sin arúgbó náà.