Ṣíbí Òróró Ẹja

Òróró tí ìyàwó mi, Haleemah, ń fún mi mu dúdú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná.

"Bàbá Ìlérí, ẹ lanu."

"Kí nìyí, ìyá Ìlérí?"

"Òróró ẹja ni. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa fún yín. Ó dáa fún ìfun."

Mo gbé e mì. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìfun ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà òjò. Inú á lọ́ mi, màá sáré lọ sí ṣaláńgá, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ó rẹ̀ mí débi pé Haleemah nìkan ló lọ gba èsì àyẹ̀wò ní ọsibítù l'Ókè-Ìlèwó. Èmi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Òun nìkan ló gbọ́.

Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń mu òróró yẹn, inú mi tún burú sí i. Bí mo bá ti mu ún báyìí, kò ní pẹ́, màá ti di ikùn mú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ìgò tó ń rọ òróró náà sí ò ní ìwé kankan lára. Abẹ́ tábìlì tó fi ń ta ẹja díndín níwájú ilé wa ní Adígbẹ ló ń fi í pamọ́ sí. Lọ́jọ́ kan mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, kó tó gbé ìgò yẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ifádùnmí, tó ń gbé l'Ọ̀fàdà, lórí fóònù. Mi ò sọ pé májèlé ni. Mo kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí Haleemah ń fún mi mu yìí, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Ó wá ní, "Mo ń bọ̀ lọ́la. Ẹrù ẹ̀ á jáde nílé yẹn. Àbí kí n dúró dìgbà tí màá wá sin ọ́?"

Ilẹ̀ mọ́. Haleemah fi ṣíbí bu òróró wá. Mo gbà á sẹ́nu, mi ò gbé e mì. Bó ṣe yí ẹ̀yìn, mo tu ú dànù. Mo rọ díẹ̀ nínú ìgò yẹn sínú ìgò oògùn ikọ́, mo gun ọ̀kadà, ó di Òkè-Ìlèwó.

Nọ́ọ̀sì Adébímpé ṣí i, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó tún un gbóòórùn. Ó wò mí.

"Bàbá, ta ló ń dín ẹja nílé yín?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ń tà á."

"Háà! Òróró tí wọ́n fi dín ẹja lẹ̀ ń mu!"

Mo gba ìgò náà padà, mo wò ó.

"Ẹ̀bi mi ni, mi ò ṣàlàyé tó. Òróró ẹja inú òkun ni mo ní kí wọ́n máa fún yín. Èyí tí wọ́n fún jáde lára ẹja ni mo ń wí o, kì í ṣe ti inú agbada! Èyí tó ti gba iná lórí iná yìí, ẹni tára ẹ̀ le ò gbọ́dọ̀ mu ún, áńbèlètàsé ẹni tí ìfun ẹ̀ wú." Ó mú ìgò kékeré kan fún mi, ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́, ó pọ́n bí oyin. "Ìrànlọ́wọ́ lásán lèyí náà o. Ẹ má torí ẹ̀ fi oògùn tí dókítà kọ fún yín sílẹ̀."

Mo ń gbọ́ ọ, àmọ́ Ifádùnmí ni mo ń rò. Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é.

Ọlọ́kadà ń sáré, mo ní kó tún sáré sí i. Nígbà tí mo fi máa dé, àpò Haleemah ti wà níta. Ifádùnmí na ìgò dúdú yẹn sí i.

"Mu ún! Bó bá jẹ́ oògùn lóòótọ́, mu ún ká rí i!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó fún wọn." Haleemah gba ìgò, ó gbé e sẹ́nu, ó ń mu ún, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Mo já ìgò gbà. "Ó tó! Òróró agbada ni! Òróró ẹja díndín ni!"

"Kí lo wí?" Ifádùnmí ní.

"Ẹja òkun ni wọ́n sọ fún mi." Haleemah ti ń sunkún. "Ṣé títọ́ọ̀sì tí mò ń tà kì í ṣe ẹja òkun ni? Mo ń fi òróró kan náà dín in léraléra, kí ẹja lè wọ inú ẹ̀ dáadáa. Mo wá ń fi pamọ́, kí àwọn oníbàárà má lọ rò pé òróró àná ni mo fi ń dín tiwọn."

Ifádùnmí jókòó lé àpò tí òun fúnra ẹ̀ gbé jáde. "Yéè! Ìwọ Ògúnkúnlé! O lénu, o nímú, o ò mọ òróró agbada?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

Haleemah ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Ta ló pè wọ́n láti Ọ̀fàdà?"

Ó ti mọ̀.

Mo na ìgò tuntun àti ṣíbí sí i. Kò gbà á.

"Ẹ bù ú fúnra yín, Bàbá Ìlérí. Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu."

Ó ní kí Ifádùnmí jọ̀ọ́ dìde. Ó gbé àpò ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá inú ilé ló ń gbé e lọ àbí títì. Mo gbé ìgò àti ṣíbí sórí tábìlì ẹja, níbi tọ́wọ́ ẹ̀ ti lè tó o. Mo jókòó. Mo lanu.