Ìdí Tí Oyinadé Fi Ń Ra Nǹkan ní Méjì

Adélékè Ògúnrìndé ló mú ìwé náà wá sí ibi tí wọ́n ti ń ya eré ní Èrúwà. Ó fi ìka méjì péré dì í mú bí ẹni mú ẹja tó ti jẹrà, ó sì jù ú sórí itan Wúràọlá.

"Ìyàwó mi," ó ní, "gbà, ka ìwà ara rẹ."

Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ o. Ọkọ inú eré ni. Ọkọ Wúràọlá gan-an, Sàláúdéènì, wà lóko iṣu rẹ̀ lọ́nà Ìgàngán, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí Wúràọlá àti Adélékè ti ń ṣe tọkọtaya nínú Agboolé Olókè, eré tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde ní gbogbo alẹ́ Jímọ́ọ̀. Oyinadé ni Wúràọlá ń jẹ́ níbẹ̀. Láti Igbó-Ọrà dé Lánlátẹ̀, kò sí ọlọ́kadà tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. "Oyinadé, ẹ gùn ún ká lọ!" ni. Inú rẹ̀ a sì máa dùn, àfi bíi pé kò mọ̀ pé ìyà ń bọ̀ lẹ́yìn adùn.

Àwọn tó ni eré ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìwé ìtàn. Wọn ò bi òṣèré kankan léèrè. Wọ́n kàn lẹ fọ́tò Wúràọlá mọ́ iwájú ìwé, wọ́n kun ètè rẹ̀ ní pupa, wọ́n wá pe ìwé náà ní Àṣírí Oyinadé. Àṣírí! Àṣírí wo? Obìnrin tí Wúràọlá ń gbé wọ̀ láti ọdún mẹ́fà wá, tó mọ bó ṣe ń sín, tó mọ ẹsẹ̀ tó fi ń kọ́kọ́ wọlé, ẹnìkan wá jókòó sí Èkó, ó lóun mọ àṣírí rẹ̀. Ẹ gbà mí!

Adélékè ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ìwé náà ní ó máa ń han-an-run, ó ní Oyinadé ti gbá a létí rí níṣojú àna rẹ̀. "Odindi èmi! Wọ́n sọ mí di ọ̀dẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n tìrẹ ló burú. Ṣí orí kẹsàn-án wò."

Wúràọlá ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú eré ná. Nínú eré, Oyinadé bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo la máa ń rí. Tí Oyinadé bá sì lọ sọ́jà, méjì méjì ló ń rà: fìlà méjì, bàtà méjì, abọ́ méjì. Kò síbi tí eré ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ta ní í ṣàlàyé ìyẹn fún ará Igbó-Ọrà, ìlú tí kò sí agboolé tí ò ní ìbejì? Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ohun tí ìyá bá rà fún èyí tó kù, ó gbọ́dọ̀ rà á fún èyí tó lọ, kí inú má baà bí i kó wá pe ìkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kì í sì í pe ikú mọ́ ọn. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò ni.

Olùdarí eré kọ́ ló kọ́ Wúràọlá. Ilé rẹ̀ ló ti mú un wá. Kẹ́hìndé tirẹ̀, Tàófíìk, ti lọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Táyé, tó ń jẹ́ Aliyyah, ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí, báàgì iléèwé méjì ló sì wà lórí ìṣó nínú yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ burúkú náà kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìrìn àjò ni wọ́n sọ fún Táyé, kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wúràọlá gbà pé ọmọ náà ti fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni orí kẹsàn-án wí? Ó ní Oyinadé ní àlè kan n'Ìbàdàn, tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Ó ní àlè yìí ló ni ìbejì, pé Oyinadé yọ́ gbé ọ̀kan fún un kó má baà tú àṣírí, pé ọmọ yẹn ló ń kó bàtà kejì, fìlà kejì lọ fún lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wọ yàrá. Ohun tí wọ́n ṣe ní yàrá, ojú ewé mẹ́rin ni!

Wúràọlá pa ìwé náà dé. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún un tu. Ó ń ṣe é bíi kó fọ ojú tó fi kà á. Bí wọ́n bá ní Oyinadé jalè, ì bá rẹ́rìn-ín bíi Adélékè. Ṣùgbọ́n nǹkan ọmọ rẹ̀ nìyí, tó rọra gbé jáde nílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ẹnìkan wá fi nu ìdí àgbèrè. Tùh!

Ó pe obìnrin tó kọ ìwé náà lórí fóònù, Olúwayẹ́misí lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà! Ṣé ẹ ti kà á? Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Ọmọ mi, níbo lo ti rí àlè Oyinadé?"

Olúwayẹ́misí rẹ́rìn-ín. "Mà, mo wo gbogbo eré yín tán, kò síbi tí wọ́n ti sọ ìdí tó fi ń ra nǹkan ní méjì. Mo ní àṣírí ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn àṣírí."

"Ọmọ Yorùbá sì ni ọ́?"

"Jọ́ọ̀sì lókè Ọya ni mo dàgbà sí, mà. Àbí mo ṣì í ni?"

Wúràọlá fẹ́ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kò lè dé ibì kankan láìdé orí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ. Ó kàn ní, "O ṣì í."

"Kò burú, mà. A ó tún un ṣe nínú apá kejì."

Apá kejì! Àbí ẹ ò rí nǹkan? Wúràọlá pa fóònù.

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn rẹ̀: Táyé ò gbọdọ̀ rí ìwé yìí. Ọmọ tó ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà! Ó sáré gun ọ̀kadà, ó ní kó gbé òun dé Igbó-Ọrà kíákíá. Wọn ò tíì jìnnà tí ọlọ́kadà fi bojú wẹ̀yìn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ nǹkan.

"Oyinadé, ọmọ yín tó wà n'Ìbàdàn ńkọ́?"

Wúràọlá lù ú léjìká pé kó sáré sí i. Àṣé ìwé ti ṣáájú rẹ̀ délé.

Iwájú ilẹ̀kùn ló bá Táyé, pẹ̀lú ìwé tó yá lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ti kó báàgì méjèèjì sílẹ̀ lórí ìṣó. Kò sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ ò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Màámi, mi ò bínú," ó rọra sọ. "Bàbá ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé. Ṣé Kẹ́hìndé tó wà n'Ìbàdàn ṣì jọ mí?"

"Irọ́ ni ìwé yẹn, Táyé."

"Níbo ló wà nígbà náà?"

"Ó rìnrìn àjò."

"Mo mọ̀. Síbo?"

Wúràọlá wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé kò mọ ìtumọ̀ ìrìn àjò náà rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ń retí ìkejì rẹ̀ ni. Wúràọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó kú," ó ní. "Kẹ́hìndé kú, Táyé. Ibà ni. Ọwọ́ mi báyìí ló kú sí."

Ẹkún sì gbé e, ẹkún tó ti gbé mì láti ọjọ́ yẹn. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà. Táyé kò wá.

"Sàréè ẹ̀ dà?"

Wúràọlá kò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá tó bí i. Àwọn àgbà àdúgbò ló gbé e lọ, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n gbé e sí. "Wọn ò fi hàn mí," ó ní.

Táyé tẹjú mọ́ omijé ìyá rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe sunkún ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá," ó ní. "Ẹ̀yin ni òṣèré, Màámi. Ẹni tó kọ ìwé kì í ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣeré fún mi."